Ta Ní Ń Sùn l'Ẹ́rìn Mọ́?

Wọ́n ní kí n má dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kìlọ̀ fún mi pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá onílé kò kan àlejò, kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, ta ní lè panu mọ́ sí irú èyí? Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun níbí, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí a ó ti máa bi ara wa pé, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Olúkúlùkù á ní, "A dúpẹ́ o." Irọ́ gbuu! Ẹ wo ojú wọn: ó pọ́n, ó wú, abẹ́ rẹ̀ dúdú. Àárọ̀ kùtù, kí a tó fọ ẹnu, irọ́ la fi ń ṣí ọjọ́. Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń ra àkàrà. N kò ní dárúkọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ìyá rẹ̀ dìde lóru láti tọ̀, ó bá rí i tí aṣọ ìbora ọmọ rẹ̀ ń tàn yòò láti inú wá. Ó kọ́kọ́ rò pé iwin ni. Ìyá ń ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù", bàbá ń ké "Aúsù bíláà" láti yàrá kejì, wọn ò mọ̀ pé fóònù ni. Aago mẹ́ta òru! Ọmọ ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ sì tún wá gbọ́, bọ́ọ̀lù tí kò sí ẹni tó ń gbá a. Kò sí pápá, kò sí rẹfirí, kọ̀ǹpútà ló ń gbá a fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, owó á sì ti lọ. Mo ní, bí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ fi owó ṣòfò, ṣé kò lè dúró de ojúmọ́ ni?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó di irin mú, ó ń tòògbé lórí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn ọrùn, ó ní ọ̀lẹ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gá ti ṣì í. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà fẹnu kò ní ọdún 2016 pé ọmọ ọdún 13 sí 18 gbọ́dọ̀ máa sùn fún wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Àwa àgbà ni 7 tó fún, ìyẹn sì ni ó kéré tán. Bí ọmọ yìí bá rí 3 sùn, ó ti pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ń wọ ojú rẹ̀ ṣáá, ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, ọpọlọ náà á sì ká èròjà tó ń pe oorun wá lọ́wọ́ kò. Ní ọdún 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Hall, Rosbash àti Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí aago inú ara. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí aago ọ̀hún? Lára eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Eṣinṣin ní aago, ó sì ń tẹ̀ lé e. Ọmọ tí a san owó ìkọ́ṣẹ́ lé lórí kò tẹ̀ lé tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má fi gbogbo ẹnu bá ọmọdé wí. Ta ló kọ́ ọ? Àwa àgbà la kọ́ ọ pé ẹni tí kò sùn ni akínkanjú.

Gbogbo ayé ló mọ Ẹ̀rìn mọ́ ìlù. Làmídì Àyánkúnlé gbé bàtá láti ilẹ̀ yìí dé Jámánì. Debra Klein wá láti Amẹ́ríkà, ó jókòó ti àwọn oníbàtá wa, ó sì tẹ odindi ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 2007. Orúkọ ńlá ni ilé Àyàn ní, n kò sì tó ẹni tí í fẹnu tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ẹni tó wa ọkọ̀ fún wọn ni èmi ń bá wí. Ọkọ̀ akérò kan dé láti ibi ìnáwó ní Ìbàdàn, ìlù kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́, àwọn ọmọ ti sùn lọ lórí ara wọn, orí ẹnì kan wà lórí awọ gúdúgúdú. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, obì ń bẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń fọ́nnu: "Láti àárọ̀ Sátidé, n kò fojú kan oorun!" Àwọn èèyàn ń kí i, "Ọkùnrin ni ẹ́!" Ọkùnrin kẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé Àlàájì ni o. Bí wọ́n bá gbé ìgò bíà sórí tábìlì níbi tó wà, á kó jálàbíà rẹ̀ jọ, á sún kúrò, á máa wo ẹni tó gbé e wá tìkà-tẹ̀gbin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 2000, Williamson àti Feyer tẹ ìwádìí wọn jáde pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 sí 19 kò sàn ju ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń lé awakọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀. Àlàájì wa yó láti Ìbàdàn dé Ẹ̀rìn, kò fẹnu kan ọtí! Bí ẹnikẹ́ni bá lọ sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀, màá ní n kò sọ ọ́.

Obì tó ń jẹ yẹn ńkọ́? Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ, bó bá sì ti pọ̀ tó ni oorun ṣe ń kùn wá tó. Kaféènì inú obì kì í kó o dà nù. Ńṣe ló ń lọ jókòó sórí àga tí adenosine fẹ́ jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni adenosine á wà lóòróò, á máa pọ̀ sí i, á máa ṣọ́ àga. Ìgbà tí kaféènì bá dìde lọ ni gbogbo wọn á rọ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì lè bọ́ sí orí ìwakọ̀, ní kọ́nà tí kò dáa. Obì kò san gbèsè oorun rí. Ó kàn ń bá wa bẹ olówó pé kó ṣì dúró ni.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àìsùn wà nínú àṣà wa. Mo mọ̀. Àìsùn egúngún wà, àìsùn òkú wà, àwọn ọmọ ajísààrì ń lù, wọ́n ń kọ, wọ́n ń jí wa ní Ràmàdáánì, ibẹ̀ ni fújì sì ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọdún. Ta ló ní kí a sọ gbogbo alẹ́ Mọ́ńdè di àìsùn?

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kan wà ní àdúgbò, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ó ti wọlé, ó ti pa iná. Bàbá Adìyẹ ni wọ́n ń pè é! Wọ́n ní kò ju adìyẹ lọ, òòrùn wọ̀, ó wọ ilé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń jẹ Indomie ẹlẹ́yin méjì ní ọ̀gànjọ́ òru ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé àìsùn ló ń rán wọn níṣẹ́ ọ̀hún: ara tí kò sùn máa ń mú èròjà ebi pọ̀, ó sì máa ń dín èròjà tó ń sọ pé "mo ti yó" kù. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì kan wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú mọ́sálásí, mo dúró, mo ń wò. Ẹni tó máa ń pariwo "Bàbá Adìyẹ" jù lọ ni wọ́n ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi, kó sinmi, àwọn á tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n, ó tún ga. Ojú oorun ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti máa ń rọlẹ̀. Ẹni tí kò sùn kò fún ọkàn rẹ̀ ní ààyè ìsinmi rárá. Bàbá Adìyẹ ní tirẹ̀ gbọ́ "Bàbá, tiyín dáa," ó ká apá agbádá rẹ̀ wálẹ̀, ó lọ sílé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń bá a bú wọn.

Nẹ́pà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, n kò ní fi bò. Aago méjì òru ni wọ́n á mú iná wá, gbogbo àdúgbò á hó "Ùúù! Nẹ́pà!", ìyá kan á máa lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, òmíràn á máa fa omi, ẹ̀rọ ìlọta á máa ké. Èyí a lè fi ṣe ẹ̀rín. Èyí tí a kò lè fi ṣe ẹ̀rín ni ti àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn nítorí olè, tí wọ́n á sì lọ sùn. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ṣe ló ń gba ipò afẹ́fẹ́ tí à ń mí nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Odindi ìdílé ti sùn bẹ́ẹ̀ láìjí ní Nàìjíríà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Tí aládùúgbò bá ṣe é, ẹ lọ kanlẹ̀kùn mọ́ ọn. Kó bú yín.

Àwọn kan wà tí ahọ́n mi kò ní kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí rògbòdìyàn ilẹ̀ láàrin Ifọ̀n, Ìlobù àti Ẹ̀rìn bẹ́, tí ìjọba Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn ìyá tó jókòó ti ọmọ wọn mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má bú wọn. Ẹ̀rù kì í ṣe ìwà. Títí di òní, obìnrin kan ń bẹ tí kò lè sùn bí kò bá tíì kó bàtà gbogbo ọmọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó kọjú síta.

Ṣùgbọ́n ti oní-kẹ́mísì, màá sọ ọ́! Màá sọ ọ́ débi pé ó máa ta létí òun náà. Lórí káńtà kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tún ń ta oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ọwọ́ òsì ń ta oògùn tó ń mú un sùn. Àwọn ọlọ́kadà ń ra tramadol, wọ́n ní kó lè lé oorun àti àárẹ̀ lọ. Ìyá oníṣòwò kan, tí owó ẹ̀yáwó ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ti ká mọ́, ń ra Valium, nítorí pé bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, owó ló ń kà. Kò sí ìwé dókítà, kò sí ìbéèrè. "Ẹ fún mi ní ti ọjọ́sí yẹn," wọ́n á dì í sínú ìwé ìròyìn. Ó lo ọ̀kan, ó sùn. Nígbà tó ṣe, ọ̀kan ò mú un mọ́, ó di méjì. Báyìí, bí kò bá lò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á sì là kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, èyí tó tún burú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de oògùn ikọ́ oní-codeine ní ọdún 2018, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àbí ta ló ń ṣọ́ káńtà?

Ìyá yìí kan náà ló ní kí ọmọ òun tó fẹ́ ṣe WAEC ki ẹsẹ̀ bọ inú báàfù omi tútù lóru, kí oorun má bàa gbé e. Mo fojú ara mi rí báàfù náà! Ọmọ ń ka ìwé Báyọ́lọ́jì, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú ìwé kan náà ló ti ń kà láti ìrọ̀lẹ́. Ó ní orí òun ń ta bí ẹni pé ata wà nínú rẹ̀, pé òun ń rí ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò wọlé. Wọ́n ti ń múra àtigbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Ẹ dákun, kì í ṣe tuntun! Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: orí gbígbóná, orí títa, ojú tí kò gba ìwé mọ́. Ní 1980, Dókítà Mórákínyọ̀ ní Ifẹ̀, nínú Ọ̀ṣun wa níbí, sọ ibi tó ti ń wá: àìsùn, àti oògùn tí wọ́n ń lò kí wọ́n má bàa sùn. Ohun tí ọmọ bá kà lọ́sàn-án, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó sí àyè rẹ̀. Ìyá wá gbé omi tútù, ó fi lé ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ to ìwé lọ.

Èyí tó bí mi nínú jù ni mo fẹ́ sọ wàyí. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọjà ní Òṣogbo, tó ń dé lálẹ́ tó ń jí ní ìdájí, bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé òun á jí, ojú á là, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò ṣeé gbé, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé, nǹkan kan jókòó lé òun láyà. Kí ni wọ́n sọ? Ogun òru. Ta ló ń jagun? Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni. Ìyá tí kò lè dá gun àtẹ̀gùn! Wọn kò kí i mọ́, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Astaghfirullah! Àwọn dókítà méjì, Aina àti Famuyiwa, ti kọ̀wé lórí ogun òru láàrin àwa Yorùbá láti ọdún 2007, wọ́n wò ó pẹ̀lú àwọn àìsàn ojú oorun. Ọpọlọ máa ń so ara mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń lálàá, kí a má bàa dìde máa ja ìjà ojú àlá. Nígbà mìíràn ojú á là kí wọ́n tó tú okùn náà. Ó máa ń wọ́pọ̀ lára ẹni tí oorun rẹ̀ kò tó, àti ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Ọmọ tó ń sun wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀yìn ló wá ba orúkọ ìyá arúgbó jẹ́. Àwọn tó ń gbé ìròyìn náà kiri, mo mọ̀ wọ́n, ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá wọ́n wà ní sàfù àkọ́kọ́.

Ó wá ku ti tọkọtaya tí gbogbo ìlú ń sọ. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kó ẹní rẹ̀ jáde kúrò ní yàrá ọkọ, ó lọ sùn sí pálọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ní ó lálè. Wọ́n ti sọ ibi tí àlè ń gbé, wọ́n ti sọ irú ọkọ̀ tó ń gùn. Èmi náà gbọ́ ọ, n kò ní sọ pé n kò fi díẹ̀ kún un. Ìyá ọkọ gbéra láti Ifọ̀n, ó fi gèlè di ìbàdí, ó ní òun ń bọ̀ wá yanjú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní yàrá tó kángun sí ti ọmọ rẹ̀. Ní òru, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, páànù òrùlé ń dáhùn. Ìyá ní òun kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni híhanrun náà dákẹ́ lójijì. Ìyá ń retí. Kò gbọ́ nǹkan. Ó ti dìde jókòó, ó ti ń wá ilẹ̀kùn, kí ọmọ tó já èémí gbà gìrìgìrì, bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Ó tún hanrun, ó tún dákẹ́. Bí wọ́n ṣe mọ́jú nìyẹn. Kò sí àlè níbì kankan! Ẹ̀rù ló lé obìnrin yẹn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ń ṣọ́ ọkọ òun lóru bí èémí rẹ̀ á ṣe padà, ojú òun kì í kan oorun, òun wá lọ.

Wọ́n gbé ọkọ lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dí, pé èémí ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan; pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń ru, tó sì ń sùn lọ nídìí oúnjẹ lọ́sàn-án. Kó dín ikùn rẹ̀ kù, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó jìnnà sí ọtí àti oògùn oorun. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ imú àti ẹnu, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀fun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn án.

Ọkùnrin náà fò dìde. "Èmi? Ọmọ Ẹ̀rìn? Kí n da nǹkan bojú kí n tó sùn ti ìyàwó mi? Ṣé eégún ni mí ni?"

Ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn níbẹ̀, lójú nọ́ọ̀sì, lójú gbogbo èèyàn: "Eégún tiẹ̀ ń mí."

Háà! Obìnrin! Nípa eégún! Ẹnì kankan kò bèèrè ọ̀rọ̀ híhanrun l'Ẹ́rìn mọ́ láti ìgbà náà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè báyìí ni bí ìyá àgbà ṣe mọ̀, àti ta ló sọ fún un.